Ilé tó wó kì í ṣe pàǹtí: Àwókù tí wọ́n ń dà sí àkìtàn, ògiri ọ̀la ni

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe ìtùnú ni ọ̀pọ̀ èèyàn ka ọ̀rọ̀ yìí sí, ẹni tí àdánù bá bá ni wọ́n sì máa ń pa á fún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀lé ló wà nídìí rẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà ń sọ ni pé ilé tó bàjẹ́ lónìí, inú rẹ̀ náà ni èyí tó dára jù ú lọ ti lè jáde lọ́la. Ó wá ṣeni láàánú pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń pa òwe náà kiri kì í fi í ṣe ìwà hù.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abúja, ní Port Harcourt àti ní Kánò. Wọ́n wó ilé àtijọ́ kan kí wọ́n lè kọ́ alájà mẹ́ta sójú ilẹ̀ rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń ṣa irin àlòkù ti fi òòlù fọ́ òpó, wọ́n ti yọ irin inú rẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ igi òrùlé ti kó igi, ẹni tó fẹ́ páànù ti ká páànù. Ohun tó kù sílẹ̀ ni òkìtì búlọ́ọ̀kù fífọ́, kọnkéré àti sìmẹ́ńtì tó ti le gbandi. Onítípà ni yóò gba owó lọ́wọ́ onílé, tí yóò kó o lọ dà sí kòtò, sójú àgbàrá tàbí sórí àkìtàn, nítorí àkìtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Lọ́jọ́ kejì, onílé kan náà yóò tún san owó fún onítípà mìíràn kó wá já yanrìn tuntun sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sanwó: ó sanwó kí wọ́n kó ògiri àná lọ, ó tún sanwó kí wọ́n kó ògiri ọ̀la dé.

Bí nǹkan bá rọrùn, èèyàn lè máa fi irú èyí ṣeré. Nǹkan kò rọrùn. Ní oṣù kejì ọdún 2024, igbe ta káàkiri Nàìjíríà nígbà tí owó àpò sìmẹ́ńtì kan fò kọjá N10,000 láwọn ibì kan. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé David Umahi tó jẹ́ mínísítà fún iṣẹ́ òde pe àwọn tó ń ṣe sìmẹ́ńtì jókòó, tí wọ́n sì fẹnu kò pé kí àpò kan wà láàárín N7,000 sí N8,000. Onílé tó ti ra búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ kò rí owó rẹ́ ẹ. Ẹni tó ti dé orí ìpìlẹ̀ dúró síbẹ̀, koríko sì bẹ̀rẹ̀ sí hù lórí ìpìlẹ̀ náà.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ fi yẹ lẹ́ni tí yóò tẹ́tí sí báyìí. Wọ́n ní bí wọ́n bá ṣa àwókù ilé, tí wọ́n lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì jọ̀ ọ́, ó lè gba ipò apá kan nínú yanrìn, nígbà mìíràn apá kan nínú sìmẹ́ńtì pàápàá, nínú àpòpọ̀ tí àwọn bíríkìlà fi ń to búlọ́ọ̀kù tí wọ́n sì fi ń rẹ́ ògiri. Kì í ṣe àlá. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ń ṣe é, àwọn kan tilẹ̀ ti fi òfin gbé e dúró. Ṣùgbọ́n ewu wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n, ewu náà kì í sì í ṣe kékeré ní ilẹ̀ tí ilé ti ń wó pa èèyàn.

OHUN TÍ SÌMẸ́ŃTÌ Ń NÁ AYÉ

Bíríkìlà ni ọkùnrin tí ayé ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì tí gbogbo èèyàn ń lò lónìí. Joseph Aspdin ni orúkọ rẹ̀, ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ 21, oṣù kẹwàá, ọdún 1824 ló sì gba ìwé àṣẹ lórí ohun tó pè ní sìmẹ́ńtì Portland. Láti ìgbà náà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ti dára sí i, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò yí padà. Òkúta ẹfun àti amọ̀ ni wọ́n ń lọ̀ pọ̀, tí wọ́n ń sun nínú ààrò ńlá tó gbóná tó ìwọ̀n 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí wọ́n tó tún lọ ohun tó bá jáde di ìyẹ̀fun. Òkúta ẹfun tó wà nínú ilẹ̀ Ẹ̀gbá ló mú kí wọ́n dá ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì sílẹ̀ ní Ewékoro, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1960.

Iná yẹn nìkan kọ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Òkúta ẹfun fúnra rẹ̀, bí iná bá ti rà á, ń tú afẹ́fẹ́ carbon dioxide jáde, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń mú kí ayé máa gbóná sí i. Nínú ọgọ́rùn-ún kílò òkúta ẹfun tí kò ní àbùlà, kílò 44 ló ń fò lọ sójú ọ̀run. Kò sí ọgbọ́n tí wọ́n lè dá sí iná ààrò tí yóò dá ìyẹn dúró, nítorí inú òkúta náà ló ti wá. Bí wọ́n bá wá da èyí pọ̀ mọ́ èéfín epo àti èédú tí wọ́n ń sun, iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ló ń tú nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú 100 gbogbo carbon dioxide tí ọwọ́ ọmọ ènìyàn ń dá sílẹ̀ lágbàáyé. Nínú ìṣirò gbogbogbòò, àpò sìmẹ́ńtì kan tó wọn kílò 50 ti tú nǹkan bíi kílò 30 afẹ́fẹ́ yìí jáde kó tó dé ìsọ̀. Ayé sì ń ṣe nǹkan bíi bílíọ̀nù 4 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì lọ́dọọdún.

Ti yanrìn náà ń bẹ níbẹ̀. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká nínú Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ní ọdún 2022 pé bílíọ̀nù 50 tọ́ọ̀nù yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni ọmọ aráyé ń lò lọ́dún kan. Ẹnì kan lè ní ṣebí yanrìn kún inú aṣálẹ̀ Sàhárà bámú. Ó kún, ṣùgbọ́n kò dára fún ilé kíkọ́. Afẹ́fẹ́ ti yí i kiri títí tó fi dán roboto, kò lè di ara rẹ̀ mú. Yanrìn odò àti ti ọ̀sà ni àwọn ọ̀mọ̀lé ń fẹ́. Ẹni tó bá gba orí afárá Third Mainland kọjá ní Èkó yóò rí àwọn ọkọ̀ tó ń wa yanrìn lójú ọ̀sà, àwọn apẹja etí omi sì mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún wọn. Níbi tí ìsàlẹ̀ omi bá ti di kòtò, tí omi sì ti dàrú, ẹja á wá ibòmíràn gbà.

ÀWỌN ARÁ IFẸ̀ ÀTIJỌ́ MỌ IYÌ ÀFỌ́KÙ

Kì í ṣe òní ni ọmọ ènìyàn mọ̀ pé ohun tó fọ́ kò tíì tán. Ní Ilé-Ifẹ̀ láyé àtijọ́, ilẹ̀ àgbàlá àti ojú ọ̀nà kì í ṣe eèpẹ̀ lásán. Àpáàdì ìkòkò ni wọ́n fi tẹ́ ẹ. Wọ́n á to àfọ́kù ní ìnàró, ọ̀kan létí èkejì, wọ́n á rì wọ́n mọ́lẹ̀ títí tí etí wọn nìkan yóò fi hàn, nígbà mìíràn wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun dárà sí i. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so iṣẹ́ yìí mọ́ orúkọ Ọọ̀ni Lúwoo, obìnrin tó jọba nífẹ̀ẹ́. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Peter Garlake wú ilẹ̀ ní ilẹ̀ Ọbalárá àti ní Wóyè Àṣírí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, irú ilẹ̀ alápáàdì bẹ́ẹ̀ ló bá níbẹ̀, èyí tó ti wà láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ìkòkò tí kò lè gbé omi mọ́ ló ń gbé ẹsẹ̀ ọba àti ti ará ìlú.

Ọ̀rọ̀ ilé alámọ̀ náà kò yàtọ̀. Ògiri tó bá wó, wọn kì í wá típà tí yóò kó o lọ. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀, wọ́n á sì tún fi mọ ògiri mìíràn. Àlàpà ilé bàbá ni amọ̀ ilé ọmọ.

Lókè òkun pẹ̀lú, àwọn ará Róòmù àtijọ́ kò ní sìmẹ́ńtì Portland, síbẹ̀ ilé wọn dúró. Vitruvius, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́ tó gbáyé ní nǹkan bíi 2,000 ọdún sẹ́yìn, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé bí yanrìn bá jẹ́ ti odò tàbí ti òkun, kí wọ́n fi ìdá kan nínú mẹ́ta àfọ́kù amọ̀ sísun tí wọ́n ti gún tí wọ́n sì ti jọ̀ kún un, àpòpọ̀ náà yóò dára sí i. Ní ìlú tó ń jẹ́ Istanbul lónìí, wọ́n lo àpòpọ̀ ẹfun àti bíríkì gígún nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ńlá Hagia Sophia láàárín ọdún 532 sí 537. Ní ilẹ̀ Íńdíà, surkhi ni wọ́n ń pe bíríkì gígún tí wọ́n ń pò mọ́ ẹfun, ó sì pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀lé wọn.

Kì í ṣe oògùn ló wà nínú rẹ̀. Amọ̀ tí iná bá rà ní ìwọ̀n bíi 600 sí 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius máa ń yí padà nínú, débi pé bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ kúnná, tí ó bá ẹfun àti omi pàdé, yóò bá wọn dì, yóò sì le. Ìdí nìyí tí ìyẹ̀fun bíríkì fi lè gba ipò díẹ̀ nínú sìmẹ́ńtì, tí àwókù búlọ́ọ̀kù lásán sì jẹ́ pé ipò yanrìn ló lè gbà. Ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

JÁMÁNÌ: ÀWÓKÙ ÌLÚ DI ÌLÚ

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní ọdún 1945, àwókù tí bọ́ǹbù fi sílẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì tó nǹkan bíi 400 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà. Bí típà kan bá ń gbé kúbíìkì mítà 10, ìrìn àjò 40 mílíọ̀nù ni yóò rìn kó tó kó o tán. Kò sí epo, kò sí ọkọ̀, kò sí owó. Àwọn èèyàn, tó fi mọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin tí ọkọ wọn ti bá ogun lọ, dúró sórí òkìtì, wọ́n ń fi òòlù kan sìmẹ́ńtì kúrò lára bíríkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bíríkì tó bá pé, wọ́n tún fi ń kọ́lé. Èyí tó bá fọ́, wọ́n lọ̀ ọ́ mọ́ sìmẹ́ńtì, wọ́n fi ṣe búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré tuntun. Ní ọdún 1951, wọ́n gbé ìlànà kan jáde, DIN 4163, tó là á kalẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa lo kọnkéré tí wọ́n fi àfọ́kù bíríkì ṣe. Ẹ kíyè sí i: bí àìní ṣe kọ́ wọn lọ́gbọ́n tó, wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ojú lásán. Wọ́n kọ ìlànà sílẹ̀.

Ilẹ̀ Yúróòpù kò padà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1997, ìjọba Netherlands fòfin de dída àwókù tó ṣì wúlò sórí àkìtàn. Nígbà tó di ọdún 2008, Ìṣọ̀kan Yúróòpù pàṣẹ pé tó bá fi máa di ọdún 2020, kí àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ máa tún ó kéré tán ìdá 70 nínú 100 àwókù ilé wọn lò.

BRAZIL: ÌBÁTAN TÓ TI LỌ SÍWÁJÚ

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí ojú yí sí Brazil, ilẹ̀ tí ojo rẹ̀, ooru rẹ̀ àti ìṣòro ìlú ńlá rẹ̀ jọ ti ibí, tí ẹ̀jẹ̀ Yorùbá sì wà nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 1986, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Tarcísio de Paula Pinto ṣe ìwádìí ní ìlú São Carlos, ní ìpínlẹ̀ São Paulo, lórí bí wọ́n ṣe lè fi pàǹtí ibi ìkọ́lé ṣe àpòpọ̀ tí bíríkìlà yóò lò. Kì í ṣe ilé gogoro ló ń rò. Ogiri lásán, tí àwọn tálákà ń gbé inú rẹ̀, ló kọjú sí.

Ọ̀rọ̀ náà kò kú sínú ìwé. Ní ọdún 1995, ìlú Belo Horizonte ṣí ibùdó tí wọ́n ti ń lọ àwókù. Ní ọdún 2002, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí àyíká ní Brazil, CONAMA, gbé òfin 307 jáde. Òfin yìí pín pàǹtí ìkọ́lé sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, ó sì sọ pé ẹni tó bá dá a sílẹ̀ ni yóò rù ú. Ní ọdún 2004, wọ́n gbé ìlànà mìíràn jáde, NBR 15116, tó fàyè gba àwókù lílọ̀ fún títẹ́ ojú ọ̀nà àti fún kọnkéré tí kò gbé ẹrù ilé. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì: kọnkéré tí kò gbé ẹrù ilé. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ṣáájú mọ ibi tó yẹ kí wọ́n dúró sí.

Ohun kan ṣì wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́ lórí ọ̀rọ̀ Brazil. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé aláràbarà tí Ìsàlẹ̀ Èkó fi gbayì. Ọ̀kan nínú wọn ni Ilojo Bar tó wà ní ìtòsí Tinúbú, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1855, tí ìjọba sì kà sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956. Wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Kò sí ẹ̀rọ tó lè lọ àwókù irú ilé bẹ́ẹ̀ kó tún di ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ìlànà àkọ́kọ́ nínú lílo àwókù ni pé kí wọ́n má wó ohun tí kò yẹ ní wíwó. Ilé tí wọ́n tún ṣe ń dín sìmẹ́ńtì kù ju ilé tí wọ́n wó lọ.

BÍ WỌ́N ṢE Ń SỌ ÀWÓKÙ DI YANRÌN

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò le lóye, sùúrù ló ń fẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá ń wó ilé ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilé tí katapílà bá ya wọ̀ lójijì, tí igi, ike, gíláàsì, aṣọ, wáyà àti búlọ́ọ̀kù dàpọ̀ mọ́ra wọn, ó ti di àkìtàn tààrà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ́kọ́ tú páànù, tí wọ́n tú àjà, tí wọ́n yọ fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí wọ́n tó wó ògiri, òkìtì tó kù yóò mọ́.

Nínú ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ yọ kúrò, méjì ló burú jù. Èkíní ni P.O.P., ohun funfun tí àwọn èèyàn fi ń ṣe àjà lọ́ṣọ̀ọ́ lóde òní. Iyọ̀ sulphate wà nínú rẹ̀. Bí ìyẹn bá wọ inú àpòpọ̀ sìmẹ́ńtì, tí ọ̀rinrin sì kàn án, yóò máa wú díẹ̀díẹ̀ nínú ògiri, ògiri á sì bẹ̀rẹ̀ sí là. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́, P.O.P. tí wọ́n lọ̀ mọ́ yanrìn ló ń la ẹnu ògiri fún aláǹgbá. Èkejì ni asbestos, tí wọ́n fi ṣe àjà àti òrùlé ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́. Eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ́ ọ, kò gbọdọ̀ lọ̀ ọ́, kò sì gbọdọ̀ kà á mọ́ àwókù rárá.

Lẹ́yìn ṣíṣà ni fífọ́ àti lílọ̀, yálà pẹ̀lú ẹ̀rọ tàbí pẹ̀lú òòlù. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò jọ̀ ọ́ nínú ajọ̀ tí ojú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 4 lọ. Èyí tó bá gba inú ajọ̀ kọjá ni yanrìn tuntun. Èyí tó bá kù lókè wúlò fún títẹ́ abẹ́ ilẹ̀ tàbí ojú ọ̀nà. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ fi nǹkan bo imú, nítorí eruku kọnkéré ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kódà bí kò tilẹ̀ sí asbestos níbẹ̀.

Ibi tí omi wà ni ọ̀pọ̀ bíríkìlà yóò ti ṣìnà. Yanrìn odò kì í sábà fa omi tó ìdá 2 nínú 100 ìwúwo rẹ̀, ṣùgbọ́n àwókù lílọ̀ lè fa ìdá 5 sí 10, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí sìmẹ́ńtì àtijọ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn kún fún ihò tíntìntín. Bí gàrí gbígbẹ ló rí: bí omi bá ṣe ń kan án, bẹ́ẹ̀ ló ń mu ún. Bíríkìlà yóò rí i pé àpòpọ̀ òun ti gbẹ, yóò bu omi sí i, yóò tún bu òmíràn sí i, omi àbùjù yìí ni yóò sì sọ ògiri di aláìlágbára. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n ti rin àwókù náà sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́, kó ti mu omi yó kó tó bá sìmẹ́ńtì pàdé.

Ti ìwọ̀n ló kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló fi hàn pé bí àwókù tó mọ́ bá gba ipò ìdá kan nínú márùn-ún yanrìn, àpòpọ̀ náà kì í sábà yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tí wọ́n fi yanrìn nìkan pò. Nígbà mìíràn ó tilẹ̀ máa ń dán ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìyẹ̀fun àwókù ń dí àlàfo tó wà láàárín hóró yanrìn. Fún ẹni tó ń rẹ́ ògiri, tó ń lo páànù yanrìn 5 sí páànù sìmẹ́ńtì 1, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí yanrìn odò jẹ́ 4, kí àwókù jẹ́ 1. Bí àwókù bá ti pọ̀ jù, àpòpọ̀ á máa sún kì bó bá ṣe ń gbẹ, ìlà wẹ́wẹ́ á sì máa jáde lójú ògiri.

IBI TÍ EWU WÀ

Ìbéèrè kan wà tí ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ ẹ̀mí kò gbọdọ̀ fò kọjá: ǹjẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń yọ sìmẹ́ńtì jẹ nínú búlọ́ọ̀kù ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ lọ́gbọ́n àtifi àwókù kọ́lé? Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹta, ọdún 2019, ilé alájà kan tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta-Fájì, Èkó, èèyàn 20 ló sì kú. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù kọkànlá, ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópónà Gerrard, Ìkòyí, wó pa èèyàn tó lé ní 40. Ní ọjọ́ 12, oṣù keje, ọdún 2024, ilé ẹ̀kọ́ kan wó ní ìlú Jos, ó sì pa èèyàn 22, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ iléèwé. Kò sí ìdílé kan nínú àwọn tó ṣọ̀fọ̀ yìí tí yóò fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n fi nǹkan mìíràn dípò yanrìn.

Ìbẹ̀rù yẹn tọ̀nà, òun gan-an ló sì yẹ kó jẹ́ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Àpòpọ̀ tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri yàtọ̀ sí kọnkéré tó gbé ilé dúró. Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ti fi ìyàtọ̀ yìí hàn lórí sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀ ní ọdún 2014, nígbà tó kéde pé oríṣi 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri nìkan, pé 42.5 ni kí wọ́n lò fún búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré, kí 52.5 sì wà fún afárá. Ọ̀nà kan náà ló yẹ kí àwókù tọ̀. Ó yẹ fún rírẹ́ ògiri, fún títo ògiri tó pín yàrá sí méjì, fún títẹ́ ilẹ̀ àgbàlá. Kò yẹ kó dé inú òpó, bíìmù, dẹ́kìǹ tàbí ìpìlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnjiníà tó mọṣẹ́ ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì ti dán an wò nílé àyẹ̀wò.

Bíríkìlà tó ń fi àwókù tó mọ́ rẹ́ ògiri ní gbangba, tí onílé mọ̀, tó sì mọ ìwọ̀n tó lò, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó ń bu sìmẹ́ńtì kù lóru. Èkíní ń dín ìnáwó yanrìn kù, sìmẹ́ńtì rẹ̀ pé. Èkejì ń jí ẹ̀mí èèyàn tà. Ohun tó ń pín wọn níyà ni òdinwọ̀n àti àyẹ̀wò. Níbi tí kò bá ti sí òdinwọ̀n, olè àti olóòótọ́ á jọ máa lo orúkọ kan náà ni.

OHUN TÓ YẸ KÍ WỌ́N ṢE

Kò sí ìdí tí iṣẹ́ yìí kò fi lè bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ilé àti ọ̀nà, NBRRI, ti wà láti ọdún 1978. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ilé àyẹ̀wò ohun ìkọ́lé tirẹ̀. Àwọn ẹ̀ka tó ń kọ́ ìmọ̀ ilé kíkọ́ wà ní yunifásítì àti ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe káàkiri. Ohun tó ṣe pàtàkì jù báyìí ni ìlànà kan pàtó tí yóò sọ irú àwókù tí wọ́n lè lò, iye tí wọ́n lè lò, àti ibi tí wọn kò gbọdọ̀ lò ó dé. Bí Jámánì ṣe ṣe ní 1951 nìyẹn, bí Brazil ṣe ṣe ní 2004 náà nìyẹn.

Èkejì ni pé kí ìwé àṣẹ ilé wíwó má ṣe jẹ́ ìwé àṣẹ katapílà nìkan. Kí wọ́n mú un ní dandan pé kí wọ́n tú ilé kí wọ́n tó wó o, kí àwókù tó mọ́ dá wà lọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta ni pé kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wá ilẹ̀ kékeré tí wọ́n lè gbé ẹ̀rọ ìlọta sí ní ìtòsí ibi tí ilé ti ń wó, nítorí bí owó típà bá ju iye yanrìn lọ, kò sẹ́ni tí yóò ṣe é. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi òòlù fọ́ òpó nítorí irin lónìí lè rí iṣẹ́ tó ní láárí níbẹ̀, bí wọ́n bá kọ́ wọn, tí wọ́n sì fún wọn ní ohun ìbomú.

Onílé náà kò gbọdọ̀ dúró de ìjọba. Ẹni tó bá fẹ́ wó ilé bàbá rẹ̀ lọ́la lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó rọrùn jù: kó tú u kó tó wó o, kó ya P.O.P. sọ́tọ̀, kó ṣa búlọ́ọ̀kù tó pé, kó fi àfọ́kù tẹ́ abẹ́ ilẹ̀ àgbàlá tàbí ojú ọ̀nà géètì. Fífi àfọ́kù tó mọ́ tẹ́ abẹ́ ilẹ̀ báyìí kò nílò ẹnjiníà. Ti rírẹ́ ògiri, kó bá bíríkìlà tó mọṣẹ́ sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ rẹ́ apá kékeré kan wò, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí wọ́n sì wò bóyá ó là tàbí kò là, kí wọ́n tó ṣe gbogbo ilé.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kò sẹ́ni tó sọ pé àwókù nìkan ni yóò sọ sìmẹ́ńtì di ọ̀pọ̀ tàbí tí yóò dá ayé tó ń gbóná dúró. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ típà kan àwókù tí wọ́n tún lò, ọkọ̀ típà kan yanrìn tí wọn kò wà lódò ni, kòtò kan tí àgbàrá rí gbà kọjá ni, owó kan tó ṣẹ́ kù sí onílé lọ́wọ́ ni. Ilé ọba tó jó lè bu ẹwà sí i lóòótọ́, bí àwọn tó ń kó eérú rẹ̀ bá mọ̀ pé ilé ṣì wà nínú rẹ̀.